Àwọn Èèrà Ìsàlẹ̀ Ìwé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Nọ́ńbà ojú ewé ni mo ra ìwé yìí fún. Ọkọ mi ní kí n máa kọ ibi tí a bá kàwé dé sílẹ̀, kí a má baà máa wá a kiri lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ìwé náà nípọn, inú mi sì ń dùn jù, kò ṣeé gbé mì. Ọkọ mi! Mo tún kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré la ti ṣègbéyàwó, bí mo bá sì gbọ́ tí ọ̀pá funfun rẹ̀ ń kan àtẹ̀gùn bọ̀, àyà mi ṣì máa ń lù kì kì kì bí ìgbà tí mo ń yọ́ lọ bá a lẹ́yìn ilé ìkàwé.

Ó rẹ̀ mí. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlélógójì ni mo lọ̀ ní ilé ìfọṣọ kí aago méjì tó lù. Mo délé, mo mu omi, mo jókòó, mo sì kàwé fún un títí di aago mẹ́fà ààbọ̀. Ojú ewé 1 sí 38.

Kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ kò lè ka fọ́tòkọ́pì àwọn ìwé ìdájọ́ àtijọ́. Ṣe ló máa ń ṣe bí ẹni tí egungun há lọ́fun. Nítorí náà èmi ni mò ń kà á, èmi oníwèé mẹ́wàá tí n kò mọ̀ ju kí n pe ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ. Rédíò ló ń pè mí. "Rédíò mi, tún ìlà yẹn sọ." Mo fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé, èèrà la sọ wọ́n. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, màá kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan: èèrà wọlé. Bí mo bá kà wọ́n tán, ẹ̀ẹ̀mejì: èèrà jáde. Òun ló dá a sílẹ̀, kí ó lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ adájọ́ parí sí àti ibi tí ti ẹni tó ṣàkójọ ìwé ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù sí ìdánwò ẹnu. Bí ó bá yege, yóò máa bá oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lọ. Bí kò bá yege, wọn yóò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, a ó sì kó ẹrù wa kúrò nínú yàrá méjì yìí, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbéyàwó ni ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ọ fún. Èmi tí n kò tíì so kọ́tìnnì kọ́ tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo tẹ̀lé e lọ sí ẹ̀ka òfin. Àjà kẹrin ni yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé wà, ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè sì ti kú. A ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí a débẹ̀.

Obìnrin tó jẹ́ akọ̀wé ọ́fíìsì na fọ́ọ̀mù sí mi. "Ẹ̀yin ni ìyàwó wọn? Ẹ bá mi fi àmì síbi tó bá kàn wọ́n. Ọ̀gá wa fẹ́ mọ oríṣiríṣi èèyàn tó wà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé. Ti ọdún yìí dáa gan-an! A ní wọ́dà tó ti fẹ̀yìn tì, a ní abiyamọ, a ní ẹnì kan tó ti òkè òkun wá, a tún wá ní... a tún ní àwọn náà." Ó fi ẹnu júwe ọkọ mi.

"Afọ́jú kan," ni ọkọ mi dá a lóhùn. "Ẹ pè é, kò ní bù yín jẹ."

Wọ́dà wà níbi fèrèsé, ó ń jẹ bisikíìtì. "Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n," ló wí, "àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ la máa ń ka iye àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ̀yin, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ ṣeun tí ẹ ń ṣàánú wa."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gba fọ́ọ̀mù padà.

Ọkọ mi wá bi í nípa àwọn ìwé ìdájọ́ tó bèèrè fún, èyí tí wọn yóò ṣe sí irú tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè kà.

"Ó wà lórí tábìlì ọ̀gá, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù kìíní, sà."

Ó kó fọ́tòkọ́pì mìíràn fún mi, ó tóbi tó búlọ́ọ̀kù. Èmi ni mo gbé e sọ̀kalẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Òjò láti àárọ̀. Aṣọ kò gbẹ níbi iṣẹ́, ọ̀gá wa ń jágbe mọ́ áyọ́ọ̀nù bí ẹni pé áyọ́ọ̀nù ló rọ òjò. Súìtì ọ̀fun tún ti gbówó lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tòkọ́pì.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ayọ̀ ni! A bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ìyá aránṣọ. Obìnrin kan tí kò mọ̀wé ni. Wọ́n gbé ìwé wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, aládùúgbò rẹ̀ bá a kà á, ó sì fo ìlà méjì. Ìyá tẹ ìka síbẹ̀. Ìlà méjì yẹn ló gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Adájọ́ ní rárá o, ìwé náà kò mú un.

Ọkọ mi fò sókè, ó fi orí gbá ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. "Ohun tí mò ń wá láti ọdún tó kọjá nìyẹn! Bí akàwé bá fo nǹkan, ta ni yóò ru àdánù rẹ̀? Gbogbo àpilẹ̀kọ mi kò ju ìyẹn lọ. Orí kẹta máa dúró lórí obìnrin yìí gbọn-in."

Mo fi omi gbígbóná tẹ iwájú orí rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí. Ojú ewé 112.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹ̀ka òfin fẹ́ tẹ ìwé pélébé tí wọn yóò fi polówó oyè ọ̀mọ̀wé. Ayàwòrán to gbogbo wọn sórí àtẹ̀gùn, ó fi ọkọ mi sí àárín gbùngbùn. Wọ́dà wà lọ́tùn-ún, Ìyá Ọmọ wà lósì. Agbẹjọ́rò ni obìnrin yìí, ó ń tọ́mọ lọ́wọ́, ó sì gbé ọmọ náà sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbé ọ̀pá yẹn sókè díẹ̀ kó lè hàn."

"Ṣé kí n fi nà yín ni?" ni ọkọ mi bi í.

"Àwa la máa bá wọn ta ọjà náà," ni Ìyá Ọmọ wí, "a ò sì ní rí kọ́míṣọ́ọ̀nù."

Akọ̀wé ọ́fíìsì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí n má sọ pé òun ló sọ ọ́ o: ọkọ mi ni ẹni àkọ́kọ́ tí kò ríran tí wọ́n gbà, nínú ìpàdé ẹnì kan sì ti sọ pé àwọn yóò fi tirẹ̀ mọ bóyá kí àwọn tún gba irú rẹ̀. Àwọn afọ́jú méjì ti kọ̀wé béèrè fún ọdún tó ń bọ̀.

N kò sọ fún ọkọ mi. Ẹrù tó wà lórí rẹ̀ tó. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi délé.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Ohùn mi ti ń lọ. A wà nínú ìwé ńlá tó tú ẹjọ́ ìyá aránṣọ palẹ̀, èèrà rẹ̀ sì pọ̀ bí ẹni pé wọ́n da ṣúgà sí i. Ojú ewé mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ gidi kò ju ìlà mẹ́rin lọ, èèrà ló kún ìyókù: wo ìwé báyìí, fi wé ojú ewé báyìí.

Mo fo mẹ́fà lónìí. N kò kan tábìlì, kò sì mọ̀. Kò sẹ́ni tó kú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo tún fo púpọ̀. A parí ìwé náà ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbà tó dá! Ọkọ mi gbá mi mú, ó ní òun kò rí irú rédíò tó ń sáré báyìí rí. Ó fi ọwọ́ wá ojú mi, ó fi ẹnu kàn án. Mo gbàgbé ọ̀fun, mo gbàgbé ẹsẹ̀, mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù. Ta ló láyọ̀ tó mi láyé yìí?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Àpilẹ̀kọ ti dé ọwọ́ àwọn tó máa dán an wò láti ọjọ́ Ẹtì. Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà ṣì wà ní ìrìn àjò, orí kìíní àti ìkejì nìkan ló tíì kà. Ó ní kí wọ́n máa fi ránṣẹ́, pé òun gbọ́kàn lé e.

Ìwé pélébé náà jáde. Ó ń dán, fọ́tò ọkọ mi wà níwájú rẹ̀, ó sì rẹwà púpọ̀. Mo kà á sí i létí: "Ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn."

"Àtẹ̀gùn ńkọ́?" ló bi mí.

"Wọn ò dárúkọ àtẹ̀gùn."

Mo sùn ní ọ̀sán títí orí fi ń fọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá

Ọlọ́run mi.

Ọkọ mi ní kí n bá òun to orúkọ àwọn ìwé tí a lò. Ó jáde lọ gba kíláàsì. Mo ṣí ìwé ńlá yẹn láti wá ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ojú mi sì bọ́ sórí èèrà kọkànlélógójì. Mo kà á nígbà mẹ́ta. "Ilé ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wọ́gi lé ìdájọ́ yìí lọ́dún méjì lẹ́yìn náà."

Ẹjọ́ ìyá aránṣọ. Wọ́n ti wọ́gi lé e. Orí kẹta dúró lórí ohun tí kò sí mọ́, ó sì ti wà lọ́wọ́ àwọn tó máa dán an wò.

Nígbà tó wọlé, ó ní, "Rédíò, ó dákẹ́ o." Mo ní ọ̀fun ló ń dùn mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì

Mo jó ṣẹ́ẹ̀tì kan níbi iṣẹ́. Apá rẹ̀ òsì.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo rò ó fún un láti òkè dé ilẹ̀.

"Ta ló mọ̀ pé o fò ó?" ló bi mí.

"Èmi nìkan."

"Ìwọ yìí, o fẹ́ ẹni tí kò ríran, o tún wá fẹ́ fi ẹnu ara rẹ sọ èyí tí kò lè rí? Panu mọ́, jàre. Bí wọ́n bá bi í, á ní òun ò mọ̀."

"Wọ́n á ní kò yege, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kó ṣẹlẹ̀ ná. Ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ ti ṣègbéyàwó tí o fi fẹ́ da ilé rú?"

Mo pa fóònù. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti ń ro ohun kan náà kí n tó pè é.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Mo sọ fún un lẹ́yìn tí ó jẹun tán. N kò mọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo kan ń sọ ọ́, mo ń sunkún, mo ń fi etí aṣọ nu imú.

Ó dìde, ó kó àwo, ó fọ̀ wọ́n, ó nù wọ́n. Ó tún àwọn tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ fọ̀.

"Mélòó lo fò?"

"N kò kà wọ́n."

"Láti ọjọ́ wo?"

"Ogúnjọ́. Láti ojú ewé igba lé mẹ́wàá."

Ó fi ọwọ́ ra ògiri títí ó fi dé orí àga. "Kì í ṣe èèrà yẹn ló ń dùn mí," ló wí. "Tábìlì tí o kò kàn ni. Mo rò pé ibi gbogbo tí mo ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́, kò sí nǹkan níbẹ̀ ni."

Ó sùn sí pálọ̀. Yàrá méjì yìí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Nígbà tí mo jí, ó ti wọṣọ, ó ti pe àwọn èèyàn. Wọ́dà dé ní aago mẹ́sàn-án, Ìyá Ọmọ dé lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Mo rò pé ó ti fẹjọ́ mi sùn wọ́n. Ohun tó sọ kò ju pé, "Ìyàwó mi kò ní ohùn mọ́, èèrà sì kù nílẹ̀. Ẹ bá wa kó wọn."

A pín ìwé náà sí mẹ́ta. Wọ́dà ń kà bí ẹni tó ń pe orúkọ ẹlẹ́wọ̀n: "Èèrà kejìdínlọ́gọ́ta! Ṣé ó wà?"

"Ó wà, sà!" ni ọkọ mi ń dáhùn.

Ìyá Ọmọ ń kà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí ọmọ má baà jí. Nígbà tí ọmọ jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbá tábìlì, ọkọ mi sì ní, "Èyí wo ló tún wọlé láìgba àyè?" Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín láti àná nìyẹn. N kò jẹ́ kí ó mọ̀ pé mo gbọ́.

Kò tíì pè mí ní Rédíò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Èèrà mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ni mo fò. A ti ka gbogbo wọn. Kọkànlélógójì nìkan ló lè pa ni.

Ọkọ mi ránṣẹ́ sí Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì pè láti ìrìn àjò. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú fóònù: "Wọ́n ti ka ìwé náà, o ò lè pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Lọ síbẹ̀, kí o sọ òtítọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lé ọ, kí wọ́n lé ọ lórí òtítọ́."

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Ẹsẹ̀ mi ti wú. Ìdájọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fúnra rẹ̀ la ń kà báyìí, Wọ́dà ló bá wa rí i ní ilé ìkàwé kejì. Bí ìlà kan bá wà nísàlẹ̀, mo ń kan tábìlì. Bí kò bá sí, mo ń sọ pé kò sí. Kò ní kí n máa sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kàn ń sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

N óò kọ ọ́ bó ṣe rí.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó lẹ́yìn tábìlì gígùn. Adájọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló wà láàárín, arúgbó tó wọ gọ́gì ojú nípọnnípọn. Wọ́n ní kí n jókòó lẹ́yìn ọkọ mi, kí n máa na ìwé tó bá dárúkọ sí ìgbìmọ̀, kí n má la ẹnu. Akàwé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Mo fi eyín di etí gèlè mi mú.

Orí kìíní lọ dáadáa. Ìkejì pẹ̀lú. Adájọ́ wá ní, "Mo gbádùn orí kẹta. Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Ẹjọ́ tí ẹ gbé e kà, Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti wọ́gi lé e. Ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà. Láti ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn."

"Kí ló dé tí ẹ kò mọ̀ ṣáájú ìyẹn?"

"Nísàlẹ̀ ìwé ló wà, ní lẹ́tà kékeré. Ẹni tó kà á fún mi fò ó."

"Ta ni?"

"Ìyàwó mi. Òun ló wà lẹ́yìn mi yìí."

Gbogbo wọn wò mí. Ilẹ̀ kò lanu.

"Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn nígbà náà," ni adájọ́ wí.

"Rárá, sà." Ọkọ mi gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. "Ohun tí àpilẹ̀kọ mi ń bèèrè gan-an nìyẹn. Ẹni tó gbé ìwé wá bá ìyá aránṣọ mọ̀ pé kò lè kà á. Òun ló yan bébà, òun ló yan lẹ́tà kékeré. Aládùúgbò kàn ṣe é lóore ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò ríran nígbà tí ẹ gbà mí. Fọ́tò mi wà níwájú ìwé pélébé yín. Láti oṣù kìíní ni mo ti bèèrè ìwé tí mo lè fi ara mi kà, bébà lẹ sì ń kó fún mi. Obìnrin yìí ń lọ ogójì ṣẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ kó tó wá ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ ti ẹ̀ka yìí. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó fò. Ó jẹ́wọ́ fún mi fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé bébà wá ló yẹ kí àdánù yẹn lọ."

Akọ̀wé ọ́fíìsì tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní igun yàrá dá kálàmù rẹ̀ dúró.

"Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò gbà bẹ́ẹ̀," ni adájọ́ wí. "Wọ́n ní ẹni tó tẹ ìka ló ni àdánù."

"Mo ti kà á, sà, àti gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣì í."

"Ẹ ń sọ pé adájọ́ mẹ́ta ṣì í?"

"Mò ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti wà nípò ìyá aránṣọ rí."

Arúgbó náà bọ́ gọ́gì rẹ̀, ó nù ún pẹ́. Ó ní a ó gbọ́ èsì lọ́jọ́ Ẹtì.

Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, ní àjà kejì, ó dúró. "Rédíò," ló wí, "ǹjẹ́ wọ́n ń dijú mọ́ mi?" Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún bí ọmọdé, èyí tó jẹ́ ti ayọ̀ àti èyí tó jẹ́ ti àárẹ̀, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Lẹ́tà dé. Bébà ni wọ́n tún fi kọ ọ́. Wọ́dà ló gbé e wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ jókòó. Ọkọ mi gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì.

Mo kà á. "Inú ìgbìmọ̀ dùn láti sọ fún yín pé ẹ yege."

Mo pariwo! Wọ́dà gbá ilẹ̀kùn, ó kígbe pé, "Ẹ tú u sílẹ̀! Ó ti gba òmìnira!" Ọkọ mi gbé mi sókè, ẹsẹ̀ mi gbá àga ṣubú. A fẹ́rẹ̀ẹ́ fa lẹ́tà ya.

Nígbà náà ni mo rí i. Ìràwọ̀ kékeré kan wà lórí ọ̀rọ̀ "yege", òmíràn sì tẹ̀lé e. Èèrà wà nísàlẹ̀ bébà, wínníwínní.

Inú rẹ̀ ń dùn. Ó tó ọjọ́ mélòó tí inú rẹ̀ ti dùn báyìí kẹ́yìn? Mo lè ká bébà náà kí n fi pamọ́ títí di ọ̀la.

Mo kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan.

Ó jókòó. "Kà á."

"Orí kẹta yóò di àtúnkọ pátápátá láàárín oṣù mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èsì yìí kò dúró."

Wọ́dà pòṣé. Ọkọ mi fi ọwọ́ nu ojú. Oṣù mẹ́ta. Mo ti ń gbọ́ ọ̀fun mi tó ń ké.

"Ó ku ọ̀kan," ni mo wí. "Oṣù mẹ́ta náà kò ní bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀ka òfin yóò fi kó gbogbo ìwé ìdájọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ lè gbà kà wọ́n."

Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó na ọwọ́ kọjá tábìlì, ó ń wá ọwọ́ mi.

"Ṣé ó tán?" ló bi mí.

Mo yí bébà náà sẹ́yìn, mo wò ó. Mo yí i síwájú.

Mo kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì.